Fìtílà, ọ̀pẹ àti Sáàmù nínú lẹ́tà márùn-ún

Lọ́dún 2008 mo parí ẹ̀kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo wá jókòó sílé, mò ń retí ìwé tí yóò pè mí sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Oṣù kan di méjì, méjì di márùn-ún, ìwé kò dé. Ẹsẹ̀ mi wá mọ ọ̀nà ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn. Kì í ṣe irun ni mo ń bá lọ. Pátákó Scrabble kan wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ìsọ̀ náà, ojú rẹ̀ ti ń ṣí, wọ́n sì ti fi sẹ́lótéèpù di igun rẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, tí oníbàárà kò sì pọ̀ tó èyí tí ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ yóò torí rẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá ta á rí lè máà mọ ohun tó le níbẹ̀. Ọmọ 100 ló wà nínú àpò. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ní lẹ́tà lára, méjì ṣófo, a sì lè pe àwọn tó ṣófo náà ní lẹ́tà tó bá wù wá. Ẹ ó ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ ó mú méje, ẹ ó tò wọ́n sórí igi pẹlẹbẹ iwájú yín níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè rí wọn. Nínú méje yìí lẹ ó ti wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, ọ̀rọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ so mọ́ èyí tó ti wà lórí pátákó. Lẹ́tà tó wọ́pọ̀ bí E àti A, máàkì kan péré ni. Q àti Z, máàkì mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ẹ bá fi méjèèje jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó gba 50 lé e.

Gẹ̀ẹ́sì kò ṣòro fún mi. Mo gba A nínú rẹ̀ ní WAEC, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá bá àwọn ará ilé kọ lẹ́tà tó bá ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ ní tiwọn, ìwé mẹ́wàá ni wọ́n kà, wọ́n sì sọ fún mi fúnra wọn pé Gẹ̀ẹ́sì ló fa èsì ìdánwò àwọn sẹ́yìn. Síbẹ̀ oṣù méjì gbáko ni mo fi ta á pẹ̀lú wọn láìjẹ ẹyọ kan.

Ọjọ́ tí ojú mi là, mo ṣì rántí ibi tí oòrùn wà. M kan ti wà lórí pátákó, ní etí rẹ̀ gan-an lápá ọ̀tún, kò sí àyè lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, M ni yóò fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé kẹrin sí i lápá òsì sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ń sọ máàkì di ìlọ́po méjì. Lọ́wọ́ mi ni A, L, P, S wà, pẹ̀lú U, I àti V. Mo fi ojú inú kó M mọ́ àwọn lẹ́tà mi, mo rí LAMPS, mo tún rí PALMS. Ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n S ló parí wọn. Mo wò ó títí, mo da lẹ́tà mẹ́ta padà sínú àpò, mo mú òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì pàdánù àǹfààní mi láti ta.

Nígbà tí eré parí, ẹ̀gbọ́n kó lẹ́tà márùn-ún jọ sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n to LAMPS. "Kí nìyí, àbúrò?" Mo ní fìtílà ni. Wọ́n tún un tò, ó di PALMS. Mo ní ọ̀pẹ ni. Wọ́n wá fi ìka kan fa P lọ síwájú, wọ́n fa S tẹ̀ lé e, wọ́n ti M sẹ́yìn: PSALM.

Ẹnu mi wọ. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà láti ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sí Ọjọ́ Ìsinmi kan tí n kì í di ìwé mú níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gàgàrà sókè pé PSALM. Epo ọ̀pẹ ni ìyá bàbá mi ń bu sí fìtílà wọn nígbà èwe wọn, ìdí fìtílà náà ni wọ́n sì ti kọ́ bí a ti ń ka Sáàmù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú lẹ́tà márùn-ún, méjì ni mo rí.

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní, "Etí lo fi ń wá ọ̀rọ̀, àbúrò. Etí kò gbọ́ P nínú sáàmù rí. Ojú ni kí o fi wá a."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń jẹ lẹ́nu láti ọjọ́ náà. Àwa tí a fi Yorùbá mọ ìwé kà, ohun tí etí gbọ́ ni ọwọ́ wa ń kọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó ní Èkó lọ́dún 1875 láti fẹnu kò lórí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ èdè wa, títí dé àtúnṣe tí a ń lò lónìí, ohùn ni ìkọ̀wé wa ń tọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá mọ̀ ọ́n sọ, tí o sì mọ àmì orí rẹ̀, o mọ̀ ọ́n kọ. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun àwọn tó ti kú ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. K tó wà níwájú KNIGHT, àwọn baba ńlá wọn ń pè é sókè nígbà kan. B inú DEBT, àwọn ọ̀mọ̀wé ló fi síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè jọ baba rẹ̀ nínú èdè Látìn. P inú PSALM, láti èdè Gíríìkì ló ti bá a wá. Ẹni tó bá ń dúró kí etí júwe ọ̀nà fún òun, yóò kọjá lára gbogbo wọn.

Ohun kejì tí mo ṣàkíyèsí lára ara mi ni pé ọwọ́ mi kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn. Bí mo bá gbé lẹ́tà méje síwájú, kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan ni mo máa ń tò wọ́n, mo sì máa ń fẹ́ kí fáwẹ̀lì parí rẹ̀. Ẹnu wa ló kọ́ mi. Ṣe bí nígbà tí búrẹ́dì ti ilẹ̀ òkèèrè dé ọ̀dọ̀ wa, a fi u sáàárín b àti r, a fi i dí ìdí rẹ̀, kó tó ṣeé pè fún wa. Èyí dára fún búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ mi lójú nídìí pátákó. Àwọn ọ̀rọ̀ bí RHYTHM, tí kò ní A, E, I, O tàbí U kankan nínú, mi ò lè rí wọn bó ti wù kí n tẹjú mọ́ ọn tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni C, Q, V, X àti Z tí kò sí nínú lẹ́tà 25 ti Yorùbá. Àjèjì ni wọ́n jẹ́ sí mi lójú, bí wọ́n bá sì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, èrò bí n ṣe máa lé wọn lọ ni mo máa ń ní dípò bí n ṣe máa lò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ní ìdánrawò kan tí wọ́n máa ń fún mi tí wọ́n bá ń gé irun oníbàárà lọ́wọ́. Wọ́n á ní, "A, B, D, E, R. Mélòó lo rí?" Ọjọ́ àkọ́kọ́, BREAD nìkan ni mo rí. Wọ́n tọ́ka sí ẹni tó jókòó sórí àga, wọ́n ń fá àgbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́. BEARD. Wọ́n ní, "Irùngbọ̀n ni mo kọ́kọ́ máa ń rí, torí bí n kò bá fá a, n kò ní rí búrẹ́dì jẹ." Nígbà tó yá mo rí BARED, mo tún rí DEBAR. Lẹ́tà márùn-ún kan náà ni gbogbo wọn.

Mo ṣírò rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Bí lẹ́tà méje bá yàtọ̀ síra, ọ̀nà 5,040 ni a lè gbà tò wọ́n. Kò sí ẹni tó lè fi ojú wo gbogbo ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ń ṣe ni pé wọn kì í wo méje. Wọ́n á kọ́kọ́ já ìrù rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ibí yìí náà ni Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ẹ̀yìn síra. Tiwa, orí ni a ń fi nǹkan kún: jà di ìjà, kọ̀wé di akọ̀wé, gbàjámọ̀ di onígbàjámọ̀. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti fi kún ìdí ju orí lọ: -ING, -ED, -ER, -EST, -IER, -LY. Lóòótọ́ wọ́n ní RE- àti UN- àti OUT- níwájú, ṣùgbọ́n ìdí ni ọjà pọ̀ sí. Nígbà tí mo mọ èyí, mo yí bí mo ṣe ń wo igi mi padà. Bí I, N àti G bá pé sí mi lọ́wọ́, mo máa ń kó wọn lọ sí òpin lápá ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, kí n wá wo ohun tó kù. G, I, N, N, R, T, U: mo kó ING lọ, ó ku N, R, T, U. TURN rèé. TURNING, 50 wọlé. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ hàn yín, torí ó ṣì ń dùn mọ́ mi títí dòní. Lẹ́tà mẹ́jọ ni: A, E, G, I, L, N, R, T. Ẹ kó ING sọ́tọ̀. Ó ku A, E, L, R, T. Nínú márùn-ún yìí ALTER wà, ALERT wà. Nítorí náà ALTERING àti ALERTING ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ẹ rántí pé E máa ń kú bí ING bá dé, ìyẹn ni pé RELATE yóò di RELATING, òun náà sì wà níbẹ̀. Ó wá ku àwọn tí ING kò lè fi hàn yín láéláé, torí wọ́n tú u ká, bíi TRIANGLE àti INTEGRAL. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó rí INTEGRAL, bẹ́ẹ̀ mo ṣe ìṣirò rẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀ ní kíláàsì fún odindi ọdún kan. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìrù tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ náà lè dí ọ lójú. Bí o bá ti kó ING sọ́tọ̀ tí o sì ti jẹ èrè rẹ̀ tán, tú u ká, kí o tún bẹ̀rẹ̀.

Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tó dá eré yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1938, ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìwé ìròyìn ló gbé síwájú, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Ìdí nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú àpò, tí A àti I fi jẹ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, tí K, J, X, Q àti Z fi jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. S wọ́pọ̀ gan-an nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló fi sínú àpò, torí S ló ń sọ ohun kan di púpọ̀, eré ìbá rọrùn jù. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, n kì í fi S ṣòfò mọ́ lórí ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìwé jọ́tà ni mo wá rà. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, mo sì gbà pé kò sí ohun kan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tó wúlò tó o. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, ẹ to àwọn lẹ́tà rẹ̀ bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò wọ́n. BOOK yóò di BKOO. Ẹ kọ BKOO sápá òsì ojú ìwé, kí ẹ kọ BOOK sápá ọ̀tún. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí méjì bá ní orúkọ kan náà lápá òsì, ìbejì ni wọ́n. Báyìí ni mo ṣe rí i, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ka owó ọkọ̀ tó kù sí mi lọ́wọ́, pé KOBO náà, BKOO ni. Owó tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná lọ́dún 1973 pẹ̀lú náírà, tí orúkọ rẹ̀ ti ẹnu wa jáde láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bàbà, inú ìwé ló fara pamọ́ sí. KOBO wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Scrabble, NAIRA wà níbẹ̀, IROKO náà wà níbẹ̀, igi wa. Inú mi dùn gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó yá mo mọ̀ pé ọ̀nà kan náà ni kọ̀ǹpútà ń gbà. Àwọn ètò orí fóònù tí ẹ ń tẹ lẹ́tà sí, tí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ ogún sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn kì í dán ọ̀nà 5,040 wò. Wọ́n ti to gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé bí álífábẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ tipẹ́. Wọ́n á to tiyín náà, wọ́n á wo orúkọ tó bá a mu. Jọ́tà mi ni, tiwọn kàn nípọn ju tèmi lọ. Ìwé ọ̀rọ̀ Collins tí àwa ń lò ní Nàìjíríà ní ọ̀rọ̀ tó lé ní 270,000.

Lẹ́yìn tí mo sin ilẹ̀ baba mi tán, lọ́dún 2011, mo lọ sí ìdíje kan ní Èkó. Mo ti ń jẹ ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà náà, ọkàn mi sì balẹ̀. Nínú eré kẹrin, ọmọ ilé-ìwé gíráńmà kan ni wọ́n fi kò mí lójú, ọmọ tí àpò ilé-ìwé rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àga. S, E, P, R, A, T, E ló wà lọ́wọ́ mi. E kan wà lórí pátákó, àyè sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lójú méjèèjì rẹ̀. Etí mi pariwo. Mo to lẹ́tà méjèèje yí E náà ká: SEPERATE. Lẹ́tà mẹ́jọ, 50 lé e, mo ti ń ka máàkì mi nínú.

Ọmọ náà wò ó, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó pe ọ̀rọ̀ mi níjà. Adájọ́ dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò sí. Dájúdájú kò sí: SEPARATE ni, A ló wà láàárín, kì í ṣe E. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹnu wa kì í pe A yẹn, etí mi kò sì gbọ́ ọ rí. Mo kó lẹ́tà mi kúrò, mo jókòó, mi ò gba máàkì kankan, ọmọ náà sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí àyè náà pa. Mo pàdánù eré yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ náà bá mi níta, níbi tí mo ti ń mu omi. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. REPEATS wà lọ́wọ́ yín."

Mo to ó lọ́kàn. R, E, P, E, A, T, S. Lẹ́tà méjèèje ni, láìṣẹ́kù, láìyá ẹyọ kan lórí pátákó. Ibi méjì ló lè wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ti kó RE- síwájú bí mo ṣe kọ́ ara mi, PEATS ni ì bá kù. Bí mo bá ti fi S síparí, REPEAT ni ì bá kù. Ojú mi kò ráyè wò ó nítorí pé etí ti sọ̀rọ̀, mo sì ti gba ohun tí etí sọ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá sáré wá sí mi lọ́kàn bí ẹni tó ń sá bọ̀ láti ìta, mi ò kì í gbé e kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń to lẹ́tà mi lọ́nà mìíràn pátápátá, kí n fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá wo ohun tó wà níbẹ̀, kí n tó padà sí i.

Lọ́dún 2015 nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tó mú kí n ronú kan ìsọ̀ Òkè-Àdó. Nigel Richards, ọmọ New Zealand, lọ gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti Scrabble èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Faransé. Ó fi ojú kó ọ̀rọ̀ inú ìwé wọn sórí ni. Ó tún lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Spéènì lọ́dún 2024 pẹ̀lú èdè Spanish. Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn kẹ́gàn ìmọ̀ èdè o. Mo fẹ́ràn kí n mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo bá tà, eré náà dùn jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì fà sẹ́yìn ní WAEC kò ṣèèṣì máa jẹ mí.

Ìkejì ni ti Wellington Jighere. Ní Perth, ní Ọsirélíà, ó jẹ Lewis Mackay ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àjẹtán, 4 sí òdo, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ń fi sẹ́lótéèpù di pátákó, ọmọ wa ló lọ kó èdè wọn mọ́ wọn lọ́wọ́! Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó tà níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ ni FELTY. Lẹ́tà márùn-ún. Àwọn tó mọ bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ń ta á mọ̀ pé wọn kì í sáré tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ gígùn ní gbogbo ìgbà. Wọ́n á ta kúkúrú tó lérè, wọ́n á pa lẹ́tà dáadáa mọ́ de ìgbà tó kàn, wọn kò sì ní ṣílẹ̀kùn fún alátakò.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì tí ìwé Collins gbà láti 2019 jẹ́ 127. Ẹ há wọn sórí, oṣù kan tó. QI wà nínú wọn, òun ló gba Q lọ́wọ́ U. Àwọn tó kù tí Q wọn kò bá U rìn, bíi QAT, QAID, FAQIR àti NIQAB, ọ̀pọ̀ wọn láti èdè Lárúbáwá ni, ẹni tó bá lọ sí ilé-kéwú yóò ti mọ díẹ̀ nínú wọn.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún wọn: fóònù wà nínú agbọ̀n títí a ó fi ta tán. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè tẹ lẹ́tà wọn sí i kí wọ́n wo ohun tí wọ́n fò. Mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń wo fóònù kí wọ́n tó wo lẹ́tà. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ ogún, ẹyọ kan kò dúró. Ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ wá a fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò rí i, bí fóònù bá fi hàn án, kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

TEACHER ni mo kọ sára ògiri fún wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n rí EACH, TEAR, HEART, CHEAT. Mo ní kí wọ́n lo méjèèje. Ọmọkùnrin kan rí CHEATER, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ awọnlẹ̀ tó wà láàárín wọn ló rí HECTARE, torí bàbá rẹ̀ ń pè é nílé lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n A, L, M, P, S ni mo fi ń gba ọmọ tuntun wọlé. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ wọn, bákan náà ni wọ́n sì máa ń rí i: LAMPS lákọ̀ọ́kọ́, PALMS, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́. N kì í sọ ẹ̀kẹta fún wọn. Mo máa ń béèrè ohun tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ.

Nínú oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá, JSS 2 ni ó wà. Ó rí LAMPS. Ó rí PALMS. Kí n tó la ẹnu, ó ti fi P síwájú, ó rí PSALM, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò gbé ojú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó fa L lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ P, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, PLASM ńkọ́?"

Mo ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn nípa ẹ̀jẹ̀ ní kíláàsì, olùkọ́ àwọn kọ PLASMA sí ojú pátákó, òun kàn yọ A kan kúrò nídìí rẹ̀ ni, òun ń wò ó bóyá yóò dúró. Mo sọ fún un pé mi ò rò pé ó wà. Mo gbé ìwé ọ̀rọ̀ wá, a jọ ṣí i, ìka rẹ̀ ló ń tọ ìlà náà lọ sísàlẹ̀, PLASHY, PLASM. Ó wà níbẹ̀.

Mo mú jọ́tà àtijọ́ náà jáde. Ojú ìwé ALMPS ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ sí i. Mo fún ọmọ náà ní bírò, ó kọ ẹ̀kẹrin sábẹ́ wọn.